Ìfun Mi Níwájú Àwọn Dókítà

Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ jẹun tán. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbìyànjú láti fi ẹnu tó mọ́ sọ ọ́. Mo pè é ní ìgbọ̀nsẹ̀, mo ní inú ló ń yọ mí lẹ́nu, mo tilẹ̀ pè é ní orúkọ tí àwọn dókítà Ítálì fún un, colite ulcerosa, tó dún létí bí orúkọ arẹwà obìnrin. Kò yí nǹkan kan padà. Ìgbẹ́ ni, ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó sì ń lé mi sáré nígbà mẹ́wàá lóòjọ́, nígbà mìíràn ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Padova ní Ítálì ló ti bẹ̀rẹ̀, ní àárín àwọn ọdún 1990, nígbà tó ku ìdánwò díẹ̀ kí n parí ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì. Ìdánwò ẹnu ni wọ́n máa ń ṣe níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n á jókòó, ìwọ náà á jókòó níwájú rẹ̀, á máa bi ọ́ ní ìbéèrè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kù á sì máa gbọ́. Lọ́jọ́ yẹn, ó bi mí nípa bí omi ṣe ń sáré nínú páìpù. Mo mọ ìdáhùn rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n páìpù tèmi kò dúró kí ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ tán. Mo dìde, mo sáré jáde. Nígbà tí mo fi máa padà, ẹlòmíràn ti wà lórí àga mi, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo sá fún ìdánwò.

Mo kọ́kọ́ rò pé wàràkàṣì ni. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí ṣòkòtò kò dúró nídìí mi mọ́, mo lọ sí ọsibítù. Wọ́n ti okùn kan tí kámẹ́rà wà lórí rẹ̀ gba ìdí wọ inú mi, wọ́n sì ní kí n máa wo tẹlifíṣàn bí mo bá fẹ́. Mo wò ó. Inú mi pupa bí ojú ọgbẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Dókítà náà sọ fún mi pé kò sí oògùn tó lè wò ó tán. "Kò ní pa ọ́," ni ó wí. "Ẹ jọ máa dàgbà ni."

Mo parí ẹ̀kọ́ náà ṣá. Mo gba oyè ẹnjiníà, mo ya fọ́tò, mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ sílé. Lẹ́yìn náà mo lọ sí Torino, torí pé ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ kan ti gbà mí, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹnjiníà, bí kò ṣe láti máa fi awọ bo àga ọkọ̀.

Ní Torino, mo gba yàrá lọ́dọ̀ bàbá kan tí gbogbo wa ń pè ní Àlàájì. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin, ìyàwó rẹ̀ sì wà ní Nàìjíríà. Ilé àtijọ́ kan nítòsí ọjà Porta Palazzo là ń gbé. Bákónì gígùn kan gba iwájú gbogbo yàrá kọjá, ní ìparí bákónì náà ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, ẹyọ kan ṣoṣo fún ìdílé mẹ́rin. Nígbà òtútù, yìnyín á ti bo ilẹ̀ kí o tó débẹ̀. Mo máa ń fi sálúbàtà sáré lórí yìnyín náà, mo sì mọ̀ ọ́n sá ju ẹnikẹ́ni lọ nínú ilé náà.

Àlàájì ti mọ ohun tó ń ṣe mí láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. "Jẹ̀díjẹ̀dí ni," ni ó wí. "Ṣúgà tí ò ń dà sínú kọfí yẹn ni."

"Àlàájì, kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí. Wọ́n ní ara mi ló ń bá ara rẹ̀ jà."

"Ara rẹ ń bá ara rẹ jà," ó tún un sọ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá orí ẹni tó kàwé ṣì pé. "Ta ló wá máa là wọ́n?"

Ní ilé iṣẹ́, kò sẹ́ni tó là wọ́n. Bí o bá fẹ́ lọ yàgbẹ́, wàá na ọwọ́ bí ọmọ iléèwé, ọ̀gá tó ń bójú tó wa á wá ẹni tó máa dúró sípò rẹ, ìwọ á lọ, wàá sì bọ̀ kíákíá. Èmi ń na ọwọ́ títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ọ̀gá náà bi mí lọ́jọ́ kan bóyá mo ní ọ̀rẹ́bìnrin nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì tún na ọwọ́. Nígbà tí àdéhùn mi parí, wọn kò tún un ṣe. Wọn kò sọ ìdí rẹ̀, wọ́n kàn bọ̀ mí lọ́wọ́ dáadáa.

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń wà nílé lọ́sàn-án, tí mo sì wá mọ aládùúgbò wa. Ìyá arúgbó kan ló ń gbé yàrá tó kángun sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Opó ni, ìhà gúúsù Ítálì ló ti wá nígbà tó wà léwe. Signora là ń pè é, ìyẹn ìyáàfin. Orí àga lórí bákónì ló máa ń jókòó sí, á máa ṣa ẹ̀wà, ojú rẹ̀ kì í sì í kúrò lára ìlẹ̀kùn yẹn. Lọ́jọ́ kan tí mo ń jáde bọ̀, ó dá mi dúró.

"Kí ló dé tí o kò lọ síbi iṣẹ́?"

Mo sọ fún un. Kò yà á lẹ́nu. Ó bi mí bóyá mo ti béèrè fún invalidità. Mo ní n kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó wá ṣàlàyé pé owó ni, pé ìjọba máa ń san án lóṣooṣù fún ẹni tí ara rẹ̀ kò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́. Àwọn dókítà kan á jókòó, wọ́n á yẹ̀ ọ́ wò, wọ́n á fún ọ ní máàkì lórí ọgọ́rùn-ún. Bí àìsàn rẹ bá ṣe burú tó ni máàkì rẹ ṣe máa pọ̀ tó. Òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i sílẹ̀ fún àjèjì tó níwèé ìgbélùú ni.

"Àbúrò ọkọ mi ń gbà á fún ojú," ni ó wí. "Ó ní òun kò ríran. Òun ló ń wakọ̀ gbé wa lọ sétí òkun lọ́dọọdún."

Ó tẹ̀ lé mi lọ sí patronato, ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń bá òṣìṣẹ́ kọ fọ́ọ̀mù lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọbìnrin tó ń kọ fọ́ọ̀mù bi mí pé ẹ̀ẹ̀melòó ni mò ń lọ lóòjọ́. Ojú tì mí. Ọmọbìnrin náà rẹwà, èmi sì jẹ́ ẹnjiníà. Mo ní bíi ẹ̀ẹ̀mẹrin.

"Ẹ̀ẹ̀mọkànlá," ni signora wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Mo ń kà á."

Àlàájì kò fọwọ́ sí i rárá. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó mú fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ejò. "Wọ́n á kọ orúkọ rẹ sínú ìwé àwọn abirùn," ni ó wí. "Bí ìwé náà bá délé ńkọ́? Bí àwọn tí o fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn bá gbọ́ ńkọ́? Ẹni tó ní ọwọ́ méjì, ẹsẹ̀ méjì, tó tún kàwé."

Mo ní, "Àlàájì, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kọ́ ló ń ṣe mí."

Ó ní òun mọ ohun tó ń ṣe mí, ṣúgà ni.

Ó tó oṣù mélòó kan kí wọ́n tó pè mí. Mo wọ kóòtù tí mo fi gboyè, mo de táì, mo fi òróró para. Oògùn tí mò ń lò nígbà yẹn ti mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kún, mo rí roboto bí ẹni tó ti ń jẹ owó ìjọba tipẹ́. Dókítà mẹ́ta ló jókòó sẹ́yìn tábìlì gígùn kan. Àgbàlagbà tó wà láàárín wo ìwé mi, ó gbójú sókè, ó sì béèrè pé, "Come sta?" Báwo ni ara?

Ọmọ Yorùbá ni mí. Bí ilé bá ń jó lórí mi, tí ẹni tó jù mí lọ béèrè bí ara ṣe rí, a dúpẹ́ ni màá sọ. Mo tẹrí ba, mo ní ara le, mo sì bi òun náà pé báwo ni tiyín. Ó jọ pé ẹnikẹ́ni kò tíì bi í rí nínú yàrá yẹn. Ó ní orúnkún òun ló ń ro òun, pàápàá bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Mo bá a kẹ́dùn. Mo bi í bóyá èyí tó wà lápá òsì ni tàbí apá ọ̀tún. Mo sọ irú ìpara tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lò ní ilé iṣẹ́ wa fún un, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ìṣẹ́jú tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìfun mi ṣe lọ sórí orúnkún rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó béèrè bóyá inú ṣì ń yọ mí lẹ́nu, mo ní díẹ̀díẹ̀ ni. A bọ ara wa lọ́wọ́. Mo jáde, inú mi dùn pé mo hùwà ọmọlúàbí, mo sì sáré lọ wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Lẹ́tà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Máàkì ọgbọ̀n ni wọ́n fún mi, kò sì sí owó fún ẹni tó gba ọgbọ̀n. N kò tíì fìdí rẹmi ní ìdánwò tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Àlàájì ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ fún òun. Mo kà á, mo túmọ̀ rẹ̀: wọ́n ní ara mi dá.

"Wọ́n ní ara ta ló dá?"

"Tèmi ni, sà."

Ó yọ awò ojú rẹ̀. Mo ti rò pé inú rẹ̀ máa dùn, torí pé n kò wọ ìwé abirùn mọ́. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti yí padà. "Àwọn tó rí ọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún," ni ó wí, "tí wọn kò bá ọ gbélé rí. Wọ́n ní irọ́ lò ń pa." Ó ní kí n lọ sí patronato lọ́jọ́ kejì, kí n béèrè bí èèyàn ṣe ń pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, pé bí wọ́n bá tún pè mí, òun ń bọ̀.

Wọ́n tún pè mí ní ìgbà ẹ̀rùn, ní ilé mìíràn, lọ́dọ̀ àwọn dókítà mìíràn. Àlàájì gba ààyè níbi iṣẹ́, ó wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun, ó dé fìlà. Tírámù méjì la wọ̀. N kò tíì jẹun láti ọ̀sán àná, torí mo rò pé bí nǹkan kan kò bá wọlé, nǹkan kan kò ní jáde. Ìfun kì í ṣe ìṣirò bẹ́ẹ̀. Ní ibi tí à ń dúró sí, tí àwọn tó ń ti ọ̀pá àti àwọn tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn kún fọ́fọ́, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ìlẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀: GUASTO, ìyẹn ni pé ó ti bàjẹ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Òógùn bò mí.

Bí wọ́n ṣe pè wá wọlé, obìnrin kan ló jókòó sí àárín, àwọn ọkùnrin méjì wà lápá ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Kó tó bi mí ní ìbéèrè kankan, mo ní kó jọ̀ọ́, kó dárí jì mí, ibo ni mo lè lọ. Ó wò mí, ó sì nawọ́ sí ìlẹ̀kùn kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tiwọn ni. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi pín in sọ́tọ̀, torí náà, wọ́n ń gbọ́ mi, èmi náà sì ń gbọ́ wọn.

Mo gbọ́ tí obìnrin náà bi Àlàájì pé, "Ẹ̀yin ni bàbá rẹ̀?"

"Sì," ni Àlàájì dáhùn, ìyẹn ni bẹ́ẹ̀ ni.

Bàbá tó bí mi wà ní Iléṣà nígbà yẹn, ara rẹ̀ le, kò mọ̀ pé ẹlòmíràn ti gba ipò òun ní Torino.

Ó bi í pé kí ni ó mọ̀ nípa àìsàn ọmọ rẹ̀. Àlàájì sì bẹ̀rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin ló ti kọ́ èdè Ítálì, ọ̀rọ̀ tí àwọn ayọ́rin ń sọ síra wọn ló sì mọ̀. "Mio figlio mangiare poco," ni ó wí, pé ọmọ òun kì í jẹun púpọ̀. Ó wá fi kún un pé, "Cagare sempre." Gbogbo ìgbà ló ń ṣu. Ọ̀rọ̀ yẹn, kódà ọ̀gá wa ní ilé iṣẹ́ máa ń wẹ̀yìn kó tó sọ ọ́. Mo di ojú mi lórí ibi tí mo jókòó sí. Àlàájì tún un sọ, ó rò pé wọn kò gbọ́.

Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí n kò mọ̀. Ó ní òun máa ń jí ní ìdájí láti kírun, pé ní gbogbo ìgbà tóun bá jí, èmi ti wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó ní òun máa ń dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, òun á gbọ́ bí mo ṣe ń kérora, òun á sì padà. Ó ti lé lọ́dún méjì tóun ti ń mú ìgbẹ́ tòun dání lọ síbi iṣẹ́. "Èmi, àgbàlagbà," ni ó wí, "nínú tírámù, tí mo ń pa ẹsẹ̀ pọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo rántí pé ó máa ń jáde nílé kí àkókò iṣẹ́ tó tó. Ó ti sọ fún mi rí pé òun fẹ́ràn tírámù tó ṣófo ni. Mo jókòó sórí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn dókítà, ojú ń tì mí, omi sì ń bọ́ lójú mi. N kò mọ èyí tí mo máa kọ́kọ́ nù, ojú ni tàbí ìdí.

Nígbà tí mo jáde, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ń wo fèrèsé, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, mo mọ̀ pé ẹ̀rín ló ń pa mọ́ra. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n jókòó. Mo jókòó, a sọ gbólóhùn bíi mẹ́ta, mo tún dìde lọ. Nígbà tí mo padà ó béèrè pé, "Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?"

A dúpẹ́ ti dé ètè mi. Mo wo Àlàájì, tó fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, tí kò wo ibòmíràn àfi èmi. Mo bá sọ ọ́. Mo sọ ti ẹ̀jẹ̀. Mo sọ ti ṣòkòtò kejì tí mo máa ń gbé sínú báàgì níbikíbi tí mo bá ń lọ. Mo sọ ti ọjọ́ kan nínú ọkọ̀ ojú irin láti Padova sí Torino, tí ẹnìkan ti ara rẹ̀ mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí mo dé Torino lórí ìdúró pẹ̀lú ìwé ìròyìn tí mo dì mọ́ ìdí, tí gbogbo èèyàn sì ṣí fèrèsé. Mo sọ pé n kò lọ sí ìgbéyàwó ẹnikẹ́ni mọ́. N kò tíì sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí, àní ní Yorùbá. Obìnrin náà ń kọ̀wé, nígbà tó yá ó dá kíkọ dúró, ó kàn ń gbọ́. Ó ní kí n sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ inú mi jẹ́jẹ́, ó sì ní ó tó.

Tírámù la tún wọ̀ padà. Mo wá ní, "Àlàájì, ẹ ò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí."

"Kí ni mo máa sọ? Pé kí o má ṣu mọ́?"

"Ẹ tún ní ọmọ yín ni mí."

"Wọ́n bi mí, mo dáhùn. Bó bá dùn ọ́, padà lọ tún un ṣe."

Mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ tó lò yẹn, wọn kì í sọ ọ́ níwájú dókítà. Ó bi mí pé kí ni wọ́n ń sọ. Mo ní evacuare ni. Ó ronú sí i, ó ní rárá, pé ìyẹn ni ohun tí wọ́n máa ń ní kí àwọn ṣe níbi iṣẹ́ nígbà tí iná bá sọ.

Máàkì márùndínlọ́gọ́rin ni wọ́n fún mi lọ́tẹ̀ yìí, ó sì tó. Signora gba lẹ́tà náà, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní kò burú, pé àbúrò ọkọ òun gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó lè rí ẹ̀fọn lórí ilé ìjọsìn. Lẹ́tà kan náà ló jẹ́ kí n wọ ìwé orúkọ àwọn tí ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbà bí ara wọn kò tilẹ̀ dá, láti ibẹ̀ ni mo ti rí iṣẹ́ yíya àwòrán ẹ̀rọ ní Padova lẹ́yìn ọdún kan. Àlàájì kó lọ sí Mestre nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dé, wọ́n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Àìsàn náà kò lọ. Ó ń sùn, ó ń jí, gẹ́gẹ́ bí dókítà Padova ṣe wí.

Ṣùgbọ́n kí gbogbo ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, nígbà tí èmi àti Àlàájì ṣì jọ ń gbé, owó ìjọba ti oṣù àkọ́kọ́ bọ́ sí ìgbà Iléyá. Mo gbà á ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ wo ìwé mi, ó wo èmi náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó ń wá ibi tó kù díẹ̀ káàtó lára mi. Mo lọ tààrà sọ́dọ̀ alápatà Mùsùlùmí kan ní Porta Palazzo, mo ra itan àgbò odidi kan. Nígbà tí mo gbé e dé ilé, Àlàájì béèrè pé owó kí ni mo fi rà á, torí ó mọ̀ pé n kò ríṣẹ́.

"Owó ìfun mi ni, sà."

Ó wo ẹran náà. "Owó ìgbẹ́," ni ó wí. "O fẹ́ kí n fi owó ìgbẹ́ ṣe Iléyá."

"Tí ẹ ò bá fẹ́, signora máa jẹ ẹ́."

Ó ní òun kò sọ pé òun ò fẹ́. Ó gbé ọ̀bẹ, ó gé ẹran náà fúnra rẹ̀, ó ní ẹran kò mọ ibi tí owó ti wá, Ọlọ́run ló sì mọ ohun tí a gba kọjá kí ó tó dé. A dín in, a fi ata sè ìyókù. Mo gbé abọ́ kan fún signora lórí bákónì, ó fi ọwọ́ jẹ ẹ́, ata ta á, kò gbà pé ó ta òun. Èmi jẹ díẹ̀, torí mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Àlàájì jẹ tiẹ̀, ó jẹ apá kan tèmi, ó sùn lọ lórí àga títí signora fi fọ abọ́ tí mo gbé fún un tó sì dá a padà.